Yàrá Ẹ̀yìn ní Yemẹtu

Mo fọ́ kólò lọ́jọ́ Àlàmísì.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínláàádọ́rin náírà ló jábọ́,
àti bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì kan tí n kò mọ ẹni tó sọ ọ́ síbẹ̀.
Mo dì í sínú láílọ́ọ̀nù, ó di Ògùnpa.

Ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún mi búra pé kò ní àrùn kankan,
àfi bátìrì rẹ̀ tó ti kú,
àfi ojú rẹ̀ tó sán níbi etí,
àfi lẹ́tà A tó yarí tí kì í wọlé.
Mo ní kò séwu. N kì í ṣe akọ̀wé.
Mo ná dùùrù pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn,
eyín méjì ti ká lẹ́nu rẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín,
ẹ ó rí i pé àgbà ni.

Wàrìsì ní páálí ẹyin ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń tọrọ páálí lọ́wọ́ Ídì onítíì,
títí ó fi bi mí bóyá adìyẹ ni mo fẹ́ máa sìn.
Mo lẹ ogójì. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan:
àtẹ́wọ́ náà lọ kan ògiri, ó padà wá bá mi
bí òṣómàáló tó wá gba owó aṣọ,
ó lóṣòó sójú kan, kò lọ bọ̀rọ̀.

Àǹtí Mọnsúrátù tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú
ló ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ariwo kì í bẹ̀rù páálí.
Aṣọ ni kó o fi bò ó lẹ́nu."
Ó fún mi ní àjákù tí kò rí ibi kó sí:
ẹ̀gbẹ́ léèsì, apá àǹkárá, etí gínì,
aṣọ ìyàwó àti aṣọ ọ̀fọ̀ nínú àpò ìrẹsì kan náà.
Mo kì wọ́n, mo rán ẹnu àpò, mo fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ igi.
Mo tún pàtẹ́wọ́.
Kò padà.

N kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí Bàbá ti lọ.
Ọdẹ òru ni Bàbá, ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Oríta Mẹ́fà.
Òun a sùn lọ́sàn-án, àwa ọmọ a fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn.
Nínú ilé tí a kì í ti í pariwo
ni mo ti mọ bí omi ṣe ń kán sínú ike,
bí páànù ṣe ń na ara rẹ̀ bí oòrùn bá gùn ún,
bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ihò ilẹ̀kùn
kí ẹni tó mú un dání tó wọlé.
Ẹsẹ̀ fáànù rẹ̀ ni makirofóònù mi dúró lé báyìí.
Fáànù kú. Ẹsẹ̀ kò kú.

Iná a máa dé láago méjì òru,
nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ilé Alhájà ti jẹ epo tán tó sùn.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, òjò ká mi mọ́ ẹnu iṣẹ́.
Mo kọ́kọ́ bínú. Òjò Ìbàdàn kì í kan ilẹ̀kùn.
Nígbà tó yá, mo gbé makirofóònù sún mọ́ páànù,
mo ní ó yá, sọ tẹnu rẹ.
Mo gé òjò náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́,
mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ Mọnsúrátù ṣe ìlù sábẹ́ rẹ̀,
ìlù tí kò láwọ, tí kò lọ́pàá,
mo wá fa ohùn kọ́kọ́rọ́ gùn
títí ó fi dà bí ẹni tó ń pe orúkọ.

Màmá wọlé lásìkò àsùbáà, àwọn àbúrò mi méjì lẹ́yìn rẹ̀.
Mo fi íápíìsì sí i létí.
Ó gbọ́, ó gbọ́.
"Òjò nìyẹn. Ẹ̀rọ Mọnsúrá nìyẹn. Orin dà?"
N kò fèsì.
Ìgbà náà ló kan ibi kọ́kọ́rọ́.
Ó gbé ọwọ́ sókè sí àwọn ọmọ:
"Ẹ rọra. Ẹ rọra ná."
Kò yọ ọ́ létí
títí iná fi lọ.